Ohun Tí Arvilla Teeter Kọ Sójú Ewé 143

Bí ẹ bá ń gbé Pell Creek ní ìpínlẹ̀ Indiana láyé ìgbà yẹn, tí ẹ sì fẹ́ kọ ohunkóhun tí gbogbo ayé máa rí, ẹ ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá Arvilla Teeter ń bọ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú o. Ọdún méjìdínlógójì ló fi to lẹ́tà ìtẹ̀wé nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa, àṣìṣe sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ó tún ìwé ètò ìjọ ṣe nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́. Ó tún páálí tí alápatà lẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣe láti ìta, ó wá kan ilẹ̀kùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé tún apá inú náà ṣe. Nígbà tí ìyá mi kú, tí mo kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i nítorí òdòdó tó fi ránṣẹ́, ó dá lẹ́tà náà padà fún mi, ó ti fàlà sí ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bínú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni Nadine Goshorn. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkàwé ìlú náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló sì ṣojú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, irọ́ ló pa, pàápàá tó bá jẹ́ Fern Stickley tó ń ṣerun.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà ní Pell Creek tí Arvilla kò rí àṣìṣe kankan bá wí lára rẹ̀, ìdí sì ni pé kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í kọ̀wé. Orval Lunsford lorúkọ rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ló fi pín lẹ́tà kiri àwọn oko tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kún inú àpò rẹ̀ lójoojúmọ́, tirẹ̀ ò sì jáde. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kí ó tó dáhùn. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ Arvilla ní gbogbo Ọjọ́rú. Á jẹun, á fọ abọ́, á tún ẹ̀rọ omi tó bá ń jò ṣe, á dé fìlà rẹ̀, ó di ilé. Kò níyàwó. Arvilla náà kò lọ́kọ. Ìyá Orval ló pẹ́ láyé ju bí ó ti yẹ lọ, tó sì fẹ́ kí ọmọ òun máa wà nítòsí. Nígbà tí màmá náà fi máa papò dà, irun àwọn méjèèjì ti funfun, oúnjẹ Ọjọ́rú sì ti di àṣà tí ẹnì kankan nínú wọn kò jẹ́ fọwọ́ kàn, kó má bàa bàjẹ́.

Lọ́dún 1974, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Leota Crandall Voss nínú ilé tó wà lẹ́yìn báǹkì wa. Nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé, bí ìwé Leota tuntun bá jáde, ẹran á jóná lórí iná, ẹnikẹ́ni ò ní dìde. Ìwé méjìlá ló kọ, ìfẹ́ ló kún inú wọn fọ́fọ́, òjò máa ń rọ̀ ní gbogbo ibi tí ẹnì kan bá ti fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ogun ni kò ti sí ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́. A kọ̀wé sí àwọn òǹtẹ̀wé ńláńlá ìlú New York, wọ́n ní ta ló tún ń ka irú ìyẹn láyé yìí. Arvilla ka èsì wọn, ó rí àṣìṣe méjì nínú rẹ̀, ó ní, "Àwọn tí ò lè kọ lẹ́tà ló fẹ́ sọ ohun tá a máa kà fún wa? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ fúnra wa."

Bí a ṣe mú èyí tó dùn jù nìyẹn, *Lẹ́tà Méje fún Rosamund*, tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo ṣẹ́ kù sórí pẹpẹ ilé ìkàwé. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yá wa ní kámẹ́rà ńlá àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. A kò ní í to lẹ́tà kankan. A óò kàn ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, a óò sì tẹ̀ ẹ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà ìlú wa ní àṣà kan tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́. Bí wọ́n bá yá ìwé, wọ́n á fi pẹ́ńsù ṣe àmì kékeré sójú ewé kọkàndínlógún, kí wọ́n lè mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn pé àwọn ti kà á. Kálukú ló ní tirẹ̀: ìràwọ̀, ẹja, ife tíì. Àmì mọ́kànlélógójì ló wà lójú ewé kọkàndínlógún ìwé Leota. Pásítọ̀ Dressler àtijọ́, ẹni tó máa ń gbá pẹpẹ ìwàásù láti fi bú ìwé ìfẹ́, àgbélébùú rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Láfikún sí èyí, àbàwọ́n kọfí wà, jáàmù wà, ẹnì kan tilẹ̀ ti kọ "Má gbà fún un!" sí ẹ̀gbẹ́ orí karùn-ún.

Èmi sọ pé ká fi wọ́n sílẹ̀, ìtàn ìlú wa ni.

"Ìtàn ìlú wo?" Arvilla dá mi lóhùn. "Jáàmù ni ìtàn ìlú? Nadine, ìwé là ń tẹ̀, kì í ṣe aṣọ ìnuwọ́."

Báyìí la ṣe jókòó yí tábìlì ká, àwa mẹ́ta: Arvilla, èmi, àti Orval tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Bí kámẹ́rà bá ya ojú ewé, fíìmù á dúdú, ibi tí lẹ́tà wà nìkan ló máa mọ́ gaara, ibi tí ìdọ̀tí wà náà á sì mọ́ bákan náà. Iṣẹ́ wa ni kí a fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun gbogbo ìdọ̀tí pa lára fíìmù, kí ó má bàa jáde nínú ìwé. Arvilla pín in fún wa. Ojú ewé 97 sí 160 bọ́ sọ́wọ́ Orval, ó kó wọn lọ sílé, ó dá wọn padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní, "Ó ti tán." Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni òtútù àyà dá Arvilla dùbúlẹ̀. Mo lọ bi í bóyá ká dúró títí ara rẹ̀ á fi yá, kí ó lè ka ìwé náà wò ká tó tẹ̀ ẹ́. Ó fọn imú, ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ka kí ni? Fọ́tò mà ni, Nadine. Kámẹ́rà kì í ṣi lẹ́tà kọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre."

Ẹni tó ti fi ọdún méjìdínlógójì ka gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́! Ẹ wo ọjọ́ tó yàn láti sinmi.

A tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, a pín in fún àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àìkú ni ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé, Arvilla ya wọlé, fìlà rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì.

"Orval ti wá gba tirẹ̀?"

"Rárá. Òun nìkan ni kò tíì wá. Mísì Arvilla, kí ló dé?"

Ó jókòó. Ó ṣí ìwé. Ojú ewé 143 ni, níbi tí Kápútéènì Thorne ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tí òjò ń pa á, tó ń sọ fún Rosamund pé òun fẹ́ ẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Kápútéènì, ìlà kan wà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, ó yọ dúdú kedere bí ẹni pé Leota fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀:

*Bí Orval Lunsford bá lè sọ ìdajì èyí, ọ̀la gan-an ni mo máa fẹ́ ẹ. 1933.*

Mo wo ìlà náà. Mo wo Arvilla. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán, àlàfo àárín wọn dọ́gba, àmì ìdánudúró wà níbi tó yẹ. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé báyẹn ní gbogbo àgbègbè wa.

"Ẹ̀yin!" ni mo wí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

"Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn! Mo ti gbàgbé! Nadine, tó bá rí i, ojú á tì í débi tí kò ní wá mọ́ ní Ọjọ́rú. Mo mọ Orval. Kò ní sọ nǹkan kan, á kàn dáwọ́ wíwá dúró. Ta ni n óò máa dáná fún?"

Bó ṣe sọ ìyẹn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ẹ̀dà Orval la kọ́kọ́ mú. Arvilla fi omi funfun tí àwọn atẹ̀wé fi ń bo àṣìṣe kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní ó ku igba ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó na ìgò kan sí mi. A jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di yẹ̀yẹ́ nìyẹn, nítorí pé gbogbo ìlú ti kà á láàárín alẹ́ kan, gbogbo ìlú ló sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Arvilla. Ìwé ta ni kò tíì tún ṣe rí? Òun nìkan ló rò pé àṣírí ṣì bò.

Ilé Fern Stickley la ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ, ìwé Leota wà lórí itan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì pa á dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé kékeré kan wà lójú ewé 143," ni Arvilla wí. "A wá tún un ṣe."

"Àṣìṣe?" Fern gbá àyà. "Nínú iṣẹ́ tiyín, Mísì Arvilla? Ká má rí i! Èmi ò rí àṣìṣe kankan o. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ rí àṣìṣe?"

"Ó pé pérépéré," ni àwọn mẹ́rin náà wí.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Mo ti gbé tèmi pamọ́ sínú àpótí fún ọmọ-ọmọ mi," ni Fern wí, ìwé náà sì wà lábẹ́ apá rẹ̀ níbẹ̀.

A lọ sọ́dọ̀ Glenn alápatà, ó ní ajá òun ti jẹ ẹ́. Kò ní ajá. Ìyàwó pásítọ̀ ní òun ò tíì ka dé ibẹ̀, ó wá bi Arvilla bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan pé, "Ṣé ó dùn níbẹ̀?" Bàbá Yoder tó ti pé ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́sàn-án fi ìwé náà sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé òun dìde. Títí di ìrọ̀lẹ́, ìwé méjì péré la rí kùn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Àwọn èèyàn náà kò ṣe ìkà. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti ń wo ọkọ̀ Orval tó ń dúró síwájú ilé Arvilla ní Ọjọ́rú, tó sì ń lọ ní aago mẹ́jọ. Ó ti sú wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú, oòrùn ràn, gbogbo ìlú péjọ sórí koríko iwájú ilé ìkàwé. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín tó fẹ̀ ju búrẹ́dì tó wà nínú rẹ̀ lọ wà, páì sì kún tábìlì mẹ́ta. Orval dé, ó wọ kóòtù. Mi ò rí i kó wọ kóòtù rí àyàfi níbi ìsìnkú. Mo fún un ní ìwé rẹ̀, ó fi orí kí mi, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Mo rí i tó ṣí ìwé náà, tí kò wo iwájú, tí kò wo ẹ̀yìn. Àárín ló lọ tààrà. Ó fi èékánná họ nǹkan díẹ̀. Arvilla náà rí i. Ó di ọwọ́ mi mú débi tí òrùka mi fi bù mí jẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkíni tán, mo béèrè ẹni tó fẹ́ ka díẹ̀ nínú ìwé náà fún wa. Kí n tó pa ẹnu dé, Fern ti dìde.

"Ka orí kìíní," mo yára wí fún un.

"Orí kìíní? Òjò nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ṣebí òjò wà níbi gbogbo!"

"Ojú ewé 143 ni èmi fẹ́ kà," ni Fern wí, ó sì ṣí i.

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn náà ṣàjèjì, a ń wá ẹni tó ni ín. Orval ló dìde dúró. Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Glenn alápatà.

"Ìwé tèmi lábùkù," ni Orval wí. "Ojú ewé 143. Ẹnì kan fi nǹkan funfun bo ìlà kan."

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, Orval," ni Arvilla wí, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí tòmátì. "Jókòó."

"Mi ò jókòó. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú fíìmù ojú ewé yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Nǹkan mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo kùn pa nínú èyí tí o fún mi. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀."

Mo ti rò pé ojú á ti Arvilla kú ni. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé.

"O mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀? Orval Lunsford! Nínú ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà? Kí ni mo sọ fún yín nídìí tábìlì? Ṣé mi ò ní kí ẹ yọ gbogbo ìdọ̀tí?"

"Ìdọ̀tí lo ní ká yọ, Arvilla. Mi ò rí ìdọ̀tí níbẹ̀."

Ìyàwó pásítọ̀ bú sẹ́kún. Èmi náà ò mọ̀ bóyá ẹkún ni mò ń sun tàbí ẹ̀rín. Orval pa ìwé dé, ó fi í sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Rosamund, ìwọ tí ojú rẹ mọ́ ju ìràwọ̀ ìdájí lọ! Ìgbà méje ni mo kọ̀wé sí ọ, ìgbà méje ni mo jù ú síná, nítorí pé kò sí yíǹkì tó lè gbé ohun tó wà láyà mi. Mo ti la òkun já. Mo ti dojú kọ ìjì. Ṣùgbọ́n ìgbì kankan kò gbé mi ṣubú rí bí ọjọ́ tí o gbójú sókè wò mí…"

Ó ń bá a lọ. Ọkùnrin tí kì í lè kí ènìyàn káàárọ̀ ń sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ìgbì, àti ọkàn tó ń jó bí àtùpà. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mo ń fi ojú bá a lọ nínú ìwé. Bàbá Yoder ń lu orúnkún rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Sọ ọ́! Sọ ọ́, ọmọ mi!"

"…Bí o bá lé mi, n ó lọ. Bí o bá sì pè mí, bí mo tilẹ̀ wà nínú ibojì, n ó…"

Ó dákẹ́.

"Ńṣe ló gbàgbé," ni Fern sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "N ó fọ́ pósí! 'N ó fọ́ pósí' ló kàn!"

"Mi ò gbàgbé," ni Orval wí. "Ìlà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọ̀rọ̀ Kápútéènì. Mo ti sọ mẹ́tàdínlógún. Ìdajì lo kọ síbẹ̀, Arvilla." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Ọ̀la ni Mọ́ńdè. Aago mẹ́jọ ni kọ́ọ̀tù ń ṣí."

Arvilla wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo mọ obìnrin yìí. Mo mọ̀ pé kò lè rí ohun rere kó má wá àṣìṣe inú rẹ̀.

"Wọn kì í fúnni níwèé ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù láìyẹ ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya wò," ó wí. "Ṣé ìyẹn kò yé ọ?"

Orval ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó mú ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde, ó gbé e kọjá láàárín àwọn àga títí dé iwájú rẹ̀. "Tọ́sìdeè ni mo yẹ tèmi wò."

Arvilla gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, orúkọ, ọjọ́ orí, òǹtẹ̀, gbogbo ìlú dúró. Kò rí nǹkan kan tún ṣe. Ó ká a padà, ó fún Orval, ó sì yíjú sí Dókítà Amstutz tó jókòó ti tábìlì, tí páì kún ẹnu rẹ̀.

"Dókítà, ẹ gbé páì yẹn sílẹ̀, ẹ wá ṣí ọ́fíìsì yín."

"Sọ́ńdè mà lòní, Mísì Arvilla. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ó ti di ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti sọ pé ọ̀la," ni Arvilla wí. "Ẹ dìde."